Òrógùn Afẹ́fẹ́

Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀-ajé Sáàpù dé ni yíìsì òyìnbó ti wọ́n bí ojú ní Igbó-Ọrà, búrẹ́dì Ìyá Rùkáyàt sì ń rí pẹlẹbẹ bí ohun tí èèyàn jókòó lé. Bí tọ̀la náà kò bá wú, àwọn tó ń bá a kiri ọjà á kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá, ti Ìbàdàn ni wọn á máa gbà. Ohun tó jẹ́ kó gba Tíṣà Fọlábí láàyè nìyẹn, ọkùnrin tó mọ gbogbo nǹkan tán àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Fọlábí fẹ́ sọ yíìsì díẹ̀ di púpọ̀: ó da gbogbo èyí tó kù fún obìnrin náà sínú ìgò ńlá kan tó ga dé àyà, ó bu omi ṣúgà lé e, ó ki páìpù sí i láàárín, ó sì fa rọ́bà wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ẹ wò ó," ni Fọlábí wí. "Afẹ́fẹ́ ń wọlé nísàlẹ̀, ó ń gbé omi gòkè nínú páìpù. Tómi bá dókè, á tún gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe máa yí po nìyẹn tílẹ̀ á fi mọ́. Yíìsì á máa mí, á máa jẹun, á máa bímọ."

"Bímọ kẹ̀? Ta lọkọ ẹ̀?"

"Kò lọ́kọ. Òun nìkan ló ń bí."

"Tíṣà, ẹ rọra o. Àwa tá à ń jẹ ìlasa, tá a sì ń bí ìbejì níbí, a ṣì máa ń lọ́kọ."

"Sáyẹ́ǹsì ni, Ìyá Rùkáyàt!"

"Mo gbọ́. Ta ló máa wá rò ó?"

"Kò sẹ́ni tó máa rò ó."

Ìyá Rùkáyàt bú sẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa òrógùn yọ.

"Ìyá mi ro láfún ní Ìgàngán títí ó fi darúgbó. Mi ò rí ìkòkò tó ro ara ẹ̀ rí. Ẹ sún, ẹ jẹ́ n bá a débẹ̀."

Fọlábí na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dá màlúù padà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ páìpù ni? Afẹ́fẹ́ gan-an lòrógùn!"

"Afẹ́fẹ́ táyà?"

"Òun náà ni. Kò sí igun tí kò ní dé."

"Èmi ò rí i kó dé ibì kankan. Omi tó ń hó ni mò ń wò. Ẹ̀yin náà sì ń hó."

"Ìwé sọ pé ó ń pò pọ̀ dáadáa."

"Ìwé ló máa bá mi ta búrẹ́dì ni? Ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òrógùn yìí ń wọbẹ̀ báyìí báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fọlábí wọra. Ó wò yíká. Búlùù tí Ìyá Rùkáyàt fi ń fọ aṣọ funfun wà lójú fèrèsé. Ó he é, ó rún un sínú ife omi.

"Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?"

"Ẹ̀rí lẹ ní ẹ fẹ́! Bí afẹ́fẹ́ ò bá rò ó, ojú kan ni búlùù máa dúró sí. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ o!"

Ó dà á sí i.

"Ó ń sọ̀kalẹ̀!" Ìyá Rùkáyàt ju òrógùn nù. "Yéè, ó ti wọ páìpù!"

"Ẹ̀ ń wò ó?"

"Ó ń gòkè! Tíṣà, ó ti yọ lókè! Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, kò tíì dé… Háà, ó ti débẹ̀!"

"Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n ò wí?"

"Ẹ wí bẹ́ẹ̀! Ó ti kárí! Ẹ̀yin èèyàn, láìsí òrógùn!"

Ló bá ki ijó mọ́lẹ̀. Fọlábí náà ń jó. Wọ́n jó yí ìgò ká, ìgò tó ti di aró látòkè délẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ yí i ká, ni ẹsẹ̀ Ìyá Rùkáyàt bá dúró.

"Tíṣà."

"Ẹ má dúpẹ́ mọ́, Ìyá Rùkáyàt."

"Yíìsì mi dà?"

"Ó wà nínú ẹ̀."

"Nínú búlùù?"

Fọlábí wo ìgò. Ó wo obìnrin náà. Ó tún wo ìgò. "Ní ti pípò pọ̀…"

"Fọlábí! Yíìsì tó kù fún mi láyé nìyẹn! Ìyẹ̀fun wà nínú ọpọ́n, igi wà nínú ààrò! Ta ló máa jẹ búlùù?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ fojú rí i."

"Mo ní mo fẹ́ rí i, mi ò ní kó o bá mi fọ̀ ọ́!"

Ìyá Rùkáyàt jókòó sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Fọlábí, ṣùgbọ́n inú ọkùnrin náà ṣì ń dùn, kò sì lè pa á mọ́ra.

"Ẹ mọ́kàn le," ló wí. "Ẹ tún ìgò yẹn wò. Afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, páìpù ṣiṣẹ́, kò sí igun tí kò dé. Gbogbo ohun tí mo sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Kò ku nǹkan kan mọ́!"

Ìyá Rùkáyàt fi etí ìborùn nu ojú.

"Ó ku búrẹ́dì."