Okùn Ráfátù Alágbàfọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fẹnu pa á kiri ni. Ẹ sún mọ́bí.

Alágbàfọ̀ kan wà ní Ìlódò tó ń jẹ́ Ráfátù. Okùn ìsáṣọ rẹ̀ gùn láti ìdí igi gúáfà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sàn-án, bí aṣọ bá ti wà lórí okùn, Ráfátù á tẹ́ ẹní sábẹ́ gúáfà, òórùn ọṣẹ á máa fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, àwọn aṣọ funfun á sì máa mì wá, máa mì lọ, bí àlejò tó ń rọra wọlé wá kí i. Inú irú oorun bẹ́ẹ̀ ló ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ó ti kùn ún lọ́dà tán lójú àlá, àtẹ̀gùn nìkan ló kù.

Yékínì ni ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ikán ti jẹ ọ̀pá tó gbé àárín okùn dúró, èjìká Yékínì ló di ọ̀pá. Á gbé okùn lé èjìká, á máa wo àwọsánmà, òun náà á máa lá àlá tirẹ̀.

Àfi bí ìjọba ṣe kéde owó oṣù tó kéré jù lọ: ẹni tó bá gba èèyàn síṣẹ́ kò gbọdọ̀ san ohun tó dín sí i. Oorun dá lójú Ráfátù. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wó lulẹ̀.

"Yékínì, torí pé o dúró, ò ń wo àwọsánmà, ni kí n ṣe san gbogbo ìyẹn?"

"Ìyá, okùn ni mò ń gbé."

"Máa lọ sílé. Ẹni tí kò ní òṣìṣẹ́, òfin wo ló fẹ́ mú un?"

Yékínì wọ bàtà, ó lọ. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí ẹ̀ka gúáfà.

Ọjọ́bọ̀ ni. Jálàmíà funfun Lèmọ́mù àti ti àwọn ààfáà mẹ́fà ló wà lórí okùn, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Omi ọṣẹ sì ti sọ abẹ́ okùn di ẹrẹ̀. Bí okùn ṣe ń rọ̀ wálẹ̀ ni Ráfátù sáré ki èjìká bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá kan aṣọ Lèmọ́mù, ta ló tún máa gbé aṣọ fún un fọ̀ ní gbogbo Ìlódò?

Ibi tó dúró sí nìyẹn tí ajá aládùúgbò fi lé adìẹ kan dé. Adìẹ fò, ó bà sórí okùn. Okùn mì, adìẹ na ìyẹ́, Ráfátù ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ajá jókòó sísàlẹ̀, ó ń retí. Adìẹ ò lè sọ̀, Ráfátù ò lè yẹsẹ̀.

Oòrùn mú. Ojú Ráfátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí adìẹ ló wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó na ọrùn wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Ráfátù, àwọsánmà ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó dùn ún wò?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá!"

Ráfátù ta gìrì. Adìẹ kọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń wádìí owó oṣù tuntun náà kiri ló dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti bíírò.

"Màmá, èló ni ọ̀gá yín ń san fún yín?"

Ó ti rẹ Ráfátù kọjá kó purọ́. "Kò san kọ́bọ̀."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Láti àárọ̀, n ò fẹnu kan nǹkan kan." Àánú ara rẹ̀ ṣe é, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìkà èèyàn! Kí lorúkọ ọ̀gá náà?"

Ráfátù tún okùn gbé sí èjìká rẹ̀. Àsìkò yẹn ni Yékínì wọlé wá mú fìlà rẹ̀.

"Ìyá, ṣé kí n bá yín gbé e?"

"Gbé e, ọmọ mi! Iye tí ìjọba wí ni n ó san."

"N ó sì máa wo àwọsánmà?"

"Máa wò ó. Mo ti rí i pé iṣẹ́ gidi ni."

Yékínì ki èjìká bọ ọ́. Ráfátù ń ra èjìká tirẹ̀, ó ń kùn pé aṣọ fífọ̀ máa gbówó lórí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ti di ilé ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba wo fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan ló kù: ipa wo ni òfin yìí ní lórí ẹni tó gbani síṣẹ́? Kò mọ ohun tí yóò kọ.

"Bọ̀dá, báwo ni nǹkan ṣe rí níbí báyìí?"

Yékínì gbójú sókè, ó wo adìẹ àti okùn tó ń mì lórí rẹ̀. "Ọ̀gá, bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó náà ni."

Ó sọ ohun tó rí lórí okùn fún un, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí àwọn àgbà ọ́físì kà á, wọ́n mi orí, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ajá nìkan ni ara rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi dárúkọ rẹ̀ sínú òwe náà: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.