Ọmọ Ìlú Kì í Béèrè Ọ̀nà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àrùn kòrónà ti mọ́ṣáláṣí pa ni. Ìpàpó nílé ọkọ mi ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí àbúrò mi, Ìyá Muínà, fi fóònù pè mí pé ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, Bàbá Ràfíù, ti kú ní Ṣakí. Òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀.

Ó ní, "Lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán yìí la ó sin wọ́n. Ṣé ká rán ẹnì kan wá pàdé yín ní gáréèjì?"

"Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ni?"

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí n rí ojú ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó gbé e lọ. Òun ló máa ń pọ̀n mí kọjá ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí mo kéré. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni orúnkún ti dè mí mọ́lé. Àwọn ará ilé wa ni wọ́n ń wá kí mi.

Nígbà tí mo dé Ṣakí, mo gun ọ̀kadà ní gáréèjì. "Gbé mi lọ sídìí igi ìyeyè ńlá."

"Igi ìyeyè wo, Ìyá?"

"Ìwọ kì í ṣe ọmọ ìlú yìí."

"Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí, ẹ má bínú."

"Mo ti mọ̀. Máa lọ, n ó máa júwe."

Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn lórí ọ̀kadà yẹn, tòun ti òkú nílẹ̀. Títì ọlọ́dà ti dé ibi tí ẹsẹ̀ wa ti máa ń rì. Omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, àwa tí a máa ń jí lọ sódò kí àkùkọ tó kọ. Mo rí ilé ìwòsàn. Orí ọ̀nà oko ni ìyá wa bí Ìyá Muínà sí. Mo ń ṣe Alihamudulilahi pé ojú mi rí i, àfi bí mo ṣe rí i pé a ti kọjá ilé epo kan lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká béèrè."

"Béèrè kẹ̀? Bí ẹni tó wá ta àlùbọ́sà?"

Ìgbà tí mo rí ilé kan tí èrò pọ̀ sí, tí wọ́n ta tapólì síwájú rẹ̀, mo ní ó parí. Mo fi gèlè gbájá, mo bú sẹ́kún. N kò kí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Mo ń fi oríkì sunkún ẹ̀gbọ́n mi wọlé, mo sì wó lulẹ̀ láàárín yàrá. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rí i pé èmi nìkan ni mo ń sunkún. Obìnrin kan ń fi aṣọ bo ọmọ ìkókó lójú. Ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń ṣe.

Ìyá àgbà ilé náà ní, "Ṣé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ ń kí báyẹn?"

"Ẹ forí jì mí. Ilé Bàbá Ràfíù ni mo ń wá."

"Títì ti gbé ìyẹn lọ. Ẹ̀yìn ilé epo ni wọ́n kó lọ."

Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí pé títì jẹ lára ilé wa. Mo rò pé iwájú ilé nìkan ni. Mo dìde, ṣùgbọ́n ìyá àgbà di aṣọ mi mú. Ó ní àfi kí n ṣàdúrà fún ọmọ náà, kí n fi wẹ ẹkún mi kúrò lára rẹ̀. Ta ló máa kọ̀? Mo ṣàdúrà, wọ́n ní kò tíì tó. Ibẹ̀ ni mo wà tí mọ́ṣáláṣí fi kí ìrun Àílà tán.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé epo, àwọn ọkùnrin ń fọ erùpẹ̀ sàréè kúrò lọ́wọ́.

Ìyá Muínà ní, "A dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn àlùfáà ní ó tó. Ṣé ẹ ò rẹ́ni béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"



Mo dúpẹ́ pé ìlú mi dára lójú mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò dúró dè mí. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wálé fún àdúrà ogójì ọjọ́, mo sọ fún wọn pé ẹni tí kò wálé fún ọdún mẹ́sàn-án, àlejò ni, ì báà jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sin ibi rẹ̀ sí. Kí wọ́n máa béèrè.

Àkọ́bí mi ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń béèrè báyìí?"

Mo ní mo ń béèrè, àní láti yàrá dé ibi ìdáná. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, ṣùgbọ́n tèmi kò kọjá eyín.