Ẹni tó Sọ Bàbá Rẹ̀ Di Alágbẹ̀dẹ

Bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́ láyé ìgbà náà tí ẹ ò gbọ́ orúkọ Jémíìsì Oyèlékè, ẹ ò tíì lo wákàtí kan nílùú ni. Akọ̀wé kóòtù ni. Ògbufọ̀ ni. A-wọ-kóòtù-nínú-oòrùn, a-sọ-gẹ̀ẹ́sì-séwúrẹ́! Òwe tara rẹ̀ ló sì ń dá pa. "Iṣu tó bá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì," ni yóò wí, "kò sódó tó lè gún un." Àwọn ènìyàn á ní, "Ẹ ṣeun, baba òwe!" Wọn á yíjú sẹ́yìn, wọn á máa fọwọ́ bo ẹnu.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Jémíìsì. Bàbá tó bí i, àgbẹ̀ alágbàdo ni ní Ìkòyí-Ilé. Jẹ́jẹ́ ló gbé, jẹ́jẹ́ ló kú. Ṣé irú bàbá tó yẹ irú òun nìyẹn?

Lọ́dún 1934, òyìnbó gíga kan ti Èkó dé pẹ̀lú kámẹ́rà àti ìwé ńlá kan. Mọ́tò onírin tó ti dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn kóòtù ló wá wò. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí ariwo owó orí gbòde, ọ̀gágun òyìnbó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí wọ́n fi irin bo lọ́rì òun yíká, kí òkò má baà ba òun. Irin náà wúwo débi pé mọ́tò ọ̀hún dé Ọ̀yọ́ ó kú, kò sì jí mọ́. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Ìjàpá Ìjọba. Adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀.

Òyìnbó ní òun ò rírú rẹ̀ rí níbikíbi. Ìwé lòun ń kọ lórí àwọn mọ́tò ogun. Ẹni tó rọ irin eléyìí lòun ń wá, kí òun lè tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́ńdọ̀nù! Orí Jémíìsì wú.

"Sà," ó ní, "bàbá mi ni."

Òyìnbó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bi àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀. Àyà Jémíìsì ò já. Ta ni yóò ṣe ògbufọ̀? Òun náà ni!

Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bá alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnṣọlá nídìí ẹwìrì. Ìyàwó rẹ̀, Ábígẹ́ẹ̀lì, ń da èédú sílẹ̀. Òyìnbó béèrè, Jémíìsì túmọ̀.

"Háà, bàbá mi ni o!" ni Ògúnṣọlá dáhùn. "Àjàyí alágbẹ̀dẹ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi lu irin yẹn. Ẹ̀ta iná rẹ̀ ta sí wọn lójú, ojú kan ni wọ́n lò títí wọ́n fi kú. Ẹnikẹ́ni ò kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa bẹ òyìnbó kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀."

Jémíìsì yíjú sí òyìnbó. "Ó ní bàbá mi ni. Ó ní bàbá tòun ló ń bá wọn fẹ́ná."

"Kí ló dé tó ń fọwọ́ kan ojú?" ni òyìnbó bi í.

"Ó ní bàbá mi ríran ju gbogbo ayé lọ."

Ohun tí Jémíìsì ò mọ̀ ni pé ọdún mẹ́fà ni Ábígẹ́ẹ̀lì fi se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó míṣọ́ọ̀nù, wọ́n sì kọ́ ọ níwèé. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì yẹn ló wọ̀ ọ́ létí ketekete. Kó tó rí ohun tí yóò wí, Jémíìsì ti kó òyìnbó sọ́kọ̀, wọ́n ti lọ.

Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, Ògúnṣọlá ki òòlù mọ́lẹ̀.

"Bàbá Àríkẹ́, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀," ni Ábígẹ́ẹ̀lì wí. "Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọjọ́ ọjà ni àwọn máa ya fọ́tò l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́ fún òyìnbó."

Ọjọ́ ọjà pé. Jémíìsì ti ké sí tọmọdé tàgbà. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó dé àkẹtẹ̀ òyìnbó. Ó lé adìyẹ jáde nínú mọ́tò, ó gbáyà.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́! Ilẹ̀kùn yìí tí ẹ ń wò, ọmọ ẹni tó rọ ọ́ nìkan ló mọ àṣírí rẹ̀!"

Ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn, gbàgà! Ó yọ imú lójú ihò ìbọn, ó rẹ́rìn-ín. Òyìnbó ya fọ́tò. "Ó ti tó," ó ní, "máa bọ̀."

Jémíìsì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò mira. Ó fèjìká tì í. Ó fìdí tì í.

"Mò ń bọ̀ o!" ó ké.

Oòrùn ọ̀sán ń ràn, irin ń gbóná. Kò pẹ́, gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu rẹ̀. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Mo ti jinná!"

Àsìkò yẹn gan-an ni Ògúnṣọlá àti ìyàwó rẹ̀ dé. "Alágbẹ̀dẹ rèé!" ni àwọn tó mọ̀ ọ́n pariwo, wọ́n tì í síwájú. Ògúnṣọlá wo ilẹ̀kùn náà, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ta ló rọ ọ́?"

"Bàbá mi ni!" ni Jémíìsì dáhùn nínú lọ́hùn-ún. "Ṣílẹ̀kùn, ìwọ ọkùnrin yìí!"

"Áà, èèwọ̀ ni. Alágbẹ̀dẹ kì í tú iṣẹ́ òkú alágbẹ̀dẹ ẹlòmíì. Ọmọ rẹ̀ ló ń tú u."

Àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́ tó wà níbẹ̀ mi orí. "Èèwọ̀ gbáà ni. Akọ̀wé, ẹ̀yin lọmọ, ẹ tú u."

Ábígẹ́ẹ̀lì ti dúró ti òyìnbó, ó ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un. Òyìnbó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó mú ìwé.

"Bàbá mi àti bàbá rẹ ni wọ́n jọ rọ ọ́!" ni Jémíìsì wí.

"Ẹ kú ìpín," ni Ògúnṣọlá wí. "Ilẹ̀kùn yìí ńkọ́, ti ta ni nínú wọn?"

Ọjà hó yèè. Jémíìsì fọwọ́ kan irin, ó fò sókè, ó fi orí gbá òrùlé.

"Gbogbo ẹ̀! Gbogbo ẹ̀ ni ti bàbá yín, sà! Bàbá mi ò rọ abẹ́rẹ́ rí! Àgbàdo ni wọ́n ń gbìn! Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò yìí, inú igbó ni wọ́n sá wọ̀, ọjọ́ mẹ́ta la fi wá wọn!"

Ògúnṣọlá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan gbé irin kékeré kan nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí wọ̀ọ̀. Jémíìsì já bọ́ sílẹ̀, ìpẹtà pọ́n ọn lára, ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ẹyin fọ́ mọ́ ọn ní ṣòkòtò. Àwọn obìnrin ọjà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú.

Òyìnbó ò rẹ́rìn-ín. Ó na ìwé àti kálámù sí Jémíìsì. "Ìwọ ni akọ̀wé. Kọ orúkọ ẹni tó ṣe é síbí, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ ní Yorùbá."

Jémíìsì gba kálámù, ó ń kọ ọ́. Ábígẹ́ẹ̀lì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fojú tẹ̀lé kálámù. "Ẹ fi àmì ohùn sí i," ó ní. "Ó tún ku ọ̀kan." Nígbà tó kọ ọ́ tán, obìnrin náà ní, "Ó yá, ẹ kà á."

Jémíìsì kà á wúyẹ́wúyẹ́.

"A ò gbọ́!" ni gbogbo ọjà dáhùn.

"Àjàyí alágbẹ̀dẹ!" ni Jémíìsì fi igbe bọnu. "Àjàyí alágbẹ̀dẹ, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ṣe é!"

Ògúnṣọlá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ẹ bá mi tún un kà."