Ọ̀rẹ́ Díìnì

Ẹ bá mi kí Àbdùlgàfárù! Gàfárù onísáfárì, Gàfárù oníbíríkéèsì, Agbẹnusọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́! Bírò mẹ́ta ló ń kì bọ àpò àyà, kò sì sí èyí tó ń kọ̀wé nínú wọn. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, ikùn ló ń ṣáájú, bíríkéèsì á tẹ̀ lé e, Gàfárù fúnra rẹ̀ á wá dé gbẹ̀yìn.

Lọ́dún 1991 tí à ń wí yìí, kò sí wàhálà tó lè dé bá akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì wọn ní Ìlọrin tí Gàfárù ò ní sọ pé, "Fà á lé mi lọ́wọ́." Omi ò yọ? Fà á lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ ń yọ ẹ́ lẹ́nu? Fà á lé e lọ́wọ́. Kí o ṣáà ti fi nǹkan tí ẹnu ń jẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wàrà, iṣu, adìyẹ, kò kọ ọ̀kankan. Ìyẹn làwọn tí ojú wọn là ṣe tún oyè rẹ̀ ṣe díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Agbẹnujẹ.

"Ọ̀rẹ́ Díìnì ni mí," ló máa ń wí. Díìnì tó ń rí sí ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ o. Ìyá rẹ̀ ní Gàmbàrí gbọ́ ọ, ó ṣe bí dínì, ẹ̀sìn Ànọ́bì, ni ọmọ òun bá dọ́rẹ̀ẹ́. Ó bú sẹ́kún ayọ̀, ó ṣe sàráà. Gàfárù ò tún un ṣe fún un. Ó jẹ nínú sàráà náà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò dé ọ́fíìsì Díìnì rí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì pọ̀.

Hàlímọ̀tù ò mọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin. Ó ṣe ìdánwò kan, wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò wá! Bí wọn ò bá tún un ṣe kí ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì tó jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò tún ọdún náà kà. Bàbá rẹ̀ sì ti búra pé ọdún kan ò gbọdọ̀ lé. Ọkọ ti wà nílẹ̀ lábúlé, ó ń retí. Ló bá di iṣu mẹ́fà àti ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, ó kó wọn fún Agbẹnusọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá.

"Bọ̀ọ̀dá Gàfárù, ẹ jọ̀ọ́, ibo lọ̀rọ̀ mi dé?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni. Wọ́n ní kí n kí ẹ."

"Wọ́n mọ̀ mí?"

"Wọ́n ní, 'Hàlímọ̀tù oníṣu ńkọ́?'"

"Ẹ jẹ́ n kúkú lọ bá wọn fúnra mi."

"Háà! Ìwọ nìkan? Wọn kì í rí èèyàn bẹ́ẹ̀ yẹn! Àfi ẹni tó bá mọ ìgbà tínú wọn ń dùn." Ó lá ètè. "Iṣu yẹn funfun o. Ṣé ó ṣì kù?"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ jókòó, Kọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, lẹ ìwé káàkiri: Díìnì ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn lágogo mẹ́rin láti gbọ́ ẹ̀dùn gbogbo èèyàn.

Ara Gàfárù kọ́kọ́ tutù. Ṣùgbọ́n ó rò ó: ẹni ńlá kì í tètè dé. Òun á ti sọ̀rọ̀ tẹ́rùn kí mọ́tò wọn tó dé, òun á sáré lọ gba báàgì lọ́wọ́ wọn. Ta ló máa rí ẹni tó ń gbé báàgì Díìnì tí ò ní pè é lọ́rẹ̀ẹ́ wọn?

Agogo mẹ́rin lù, Gàfárù ti wà lórí pèpéle. Obìnrin kan tó fìborùn bo orí wọlé, ó rọra jókòó ti Hàlímọ̀tù lẹ́yìn pátápátá.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Gàfárù pariwo. "Bó bá ṣe ọmọ lẹ wá wò, ẹ dúró níta. Ìpàdé àwọn tó mọ̀wé lèyí."

"Mo lè gbọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mi. Máa bá ọ̀rọ̀ lọ."

Ó ń bá a lọ. "Díìnì ní kí n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yín wà lọ́kàn wọn. Láàárọ̀ yìí la jọ mu kòkó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí!"

Ẹ ò rí bí èdè wa ṣe ń ran onírọ́ lọ́wọ́! "Wọ́n" ò ní fìlà, "wọ́n" ò ní gèlè. Èèyàn lè fi "wọ́n" purọ́ láti Gàmbàrí dé Ìpatà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kọ.

"Ọmọ mi," obìnrin náà tún ní, "báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe rí? Kí n lè dá wọn mọ̀ bí wọ́n bá dé."

Inú Gàfárù dùn sí ìbéèrè yìí! "Háà, Màmá! Bàbá náà ga, wọ́n sanra, wọ́n dúdú. Irùngbọ̀n wọn funfun báláú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣòro, ńṣe ni wọ́n máa ń fọwọ́ ra á báyìí, báyìí."

Kọ́lá wúkọ́. Obìnrin náà fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀.

"Láti ìgbà tí o ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti ń wá a," ó ní, "mi ò tíì rí i. Èmi ni Dókítà Asabe. Oṣù kẹta rèé tí mo ti jẹ́ Díìnì yín."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín! Àwọn kan bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Gàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle, bírò mẹ́ta fọ́n ká.

"Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún yín," Díìnì ń sọ bó ṣe ń bọ̀ níwájú. "Ẹnì kan ò wá. Mo rò pé ayọ̀ ló pọ̀ lápọ̀jù nínú ọgbà yìí ni. Dìde, ọmọ mi. Ṣí àpótí yẹn."

Bíríkéèsì ṣí. Ìwé ẹ̀sùn ló kún ún bámúbámú. Ó ti fi méjì wé wàrà, ọ̀kan gbé egungun adìyẹ. Ti Hàlímọ̀tù ló wà nísàlẹ̀, àmì àwo epo rí róbótó lórí rẹ̀.

Díìnì gbọn ọ́n, ó kà á. "Hàlímọ̀tù dà? Nọ́ńbà ìjókòó rẹ rèé, olùṣọ́ ìdánwò sì buwọ́ lù ú pé o wá. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ lọ́la." Ó fọwọ́ sí i. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Hàlímọ̀tù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kí Gàfárù tó gbórí sókè, ìlà ti gùn láti iwájú tábìlì Díìnì dé ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé ó yẹ kẹ́nì kan máa ṣètò. Ó gbọn sáfárì, ó sáré bọ́ síwájú, ó nawọ́: "Ẹ máa kó ìwé yín wá o! Ẹ fà á lé mi..."

"Bọ̀ọ̀dá Gàfárù." Hàlímọ̀tù ló dìde, ó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n tí ò sí. "Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ lọ tò sẹ́yìn."