Ẹ̀pà Tí Kò Kọjá Lọ́dọ̀ Àna

Ẹjọ́ ẹ̀pà kan wọ ààfin Lọ́jà, olórí abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, lánàá. Susannah, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Wọ́n fẹ́ ti kíláàsì ìlera tó ń ṣe fún àwọn ará abúlé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kíláàsì ọ̀hún nìkan ló sì kù tó ń dùn mọ́ ọn láyé.

Akíndélé tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì na àtẹ́lẹwọ́ tó lé ròrò sókè.

"Kábíyèsí, Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní kí n fọwọ́ lé ìkòkò omi lórí iná èédú, kí n má gbé ọwọ́ kúrò títí wọn ó fi ní kí n gbé e."

"O ò mọ̀ pé ó ń jó ọ ni?"

"Mo mọ̀. Wọn ò tíì ní kí n gbé e ni."

Susannah kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, mò ń kọ́ wọn bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ nínú ara ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Wọn kì í fara kanra. Èyí tó níṣẹ́ lẹ́nu á da oje bíńtín sí àlàfo tó wà láàárín wọn, ìkejì á gbà á, á sì gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú. Ẹ̀pà ni mo fi ṣe oje. Bí ó bá ti gbóná, kí Akíndélé fún Silas lẹ́pà, kí Silas fún Ìyá Àgbékẹ́, kí ìyá ní, 'Gbé ọwọ́.' Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo sì gbé síbẹ̀."

"Ta ló wá dá iṣẹ́ dúró?"

Gbogbo ojú yí sí Silas.

"Kábíyèsí, ìyá ìyàwó mi ni Ìyá Àgbékẹ́. Ṣé kí n kàn na ẹ̀pà sí àna mi láìkí wọn, bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ? Mo dọ̀bálẹ̀. Mo béèrè ilé, mo béèrè oko, mo béèrè ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ mélòó?"

"Mẹ́fà. Lọ́kọ̀ọ̀kan."

Akíndélé kérora. "Nígbà tó dọ̀bálẹ̀, omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó dórí ewúrẹ́ kẹrin, ó ti ń hó."

"Irọ́ ni," Ìyá Àgbékẹ́ dìde. "Kò kí mi tó bẹ́ẹ̀. Kò béèrè orúnkún mi rárá."

"Ìyá, ẹ̀yin ò rí ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo rí i. Ṣé kí n wá gba nǹkan lọ́wọ́ àna tí kò tíì kí mi tán?"

Lọ́jà yíjú sí Susannah. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn, ṣé wọ́n máa ń kíra?"

"Rárá, Kábíyèsí. Kí ojú tó ṣẹ́, iṣẹ́ ti dé."

"Wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ni ìjòyè kan wí.

"Àìlẹ́kọ̀ọ́ wọn yẹn ni ò jẹ́ kí ọwọ́ tìrẹ tíì jó," ni Lọ́jà dá a lóhùn. Ó wá dájọ́. "Nọ́ọ̀sì, máa bá kíláàsì rẹ lọ, ṣùgbọ́n má to àna ti àna mọ́. Lọ́jọ́ Ìkórè, Akíndélé á jókòó sídìí dùùrù, kò ní fọwọ́ kàn án. Á máa sọ ibi tí wọn ó tẹ̀ fún Silas, Silas á sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá á sì tẹ̀ ẹ́. Bí ìkíni bá fi lè wọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ó tún orin bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní, gbogbo ìjọ á sì wà lórí ìdúró."

Susannah mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbékẹ́ ò tíì jókòó.

"Kábíyèsí, ṣé kó má wulẹ̀ kí mi mọ́ ni?"

"Á kí yín, ìyá. Lẹ́yìn Àmín."