Ọjọ́ Tí Mo Pa Orúkọ Ẹbí Wa Rẹ́ Nínú Láptọ́ọ̀pù

Ọjọ́rú kan wà tó wá jókòó sí mi lọ́kàn, tó kọ̀ tí ò dìde lọ mọ́. Bí mo bá ń jẹun tí mo rántí ẹ̀, oúnjẹ á fẹ́ gba ibi tí kì í gbà. Lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan, láìsí ẹni tó bá mi dá sí i, mo pa ọmọ mọ́kàndínlógún, ọmọ-ọmọ tí mi ò lè kà tán, àti gbogbo ọmọ ọwọ́ tó tẹ̀lé wọn rẹ́ kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Ẹ má pe ọlọ́pàá o. Inú láptọ́ọ̀pù ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Mo ti ṣe ọdún kan ní poli, mo sì fi í sílẹ̀ torí mo ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ti ń falẹ̀ jù fún ọpọlọ tèmi. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan, Sèlíù, tó ń tún fóònù ṣe ní Láagere ní Ifẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, màá ní ẹnjiníà ni mí. Ibo ni mo ti kọ́ ọ? Fídíò inú fóònù ni. Àmọ́ mi kì í ní sùúrù wo fídíò náà tán. Bí ọkùnrin inú ẹ̀ bá ti ní ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kíyè sí i pé báyìí báyìí, mo ti sáré tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ibi tí mò ń fò yẹn gan-an ni wọ́n ń kó ọgbọ́n pamọ́ sí.

Bàbá àgbà wa ló kú. Àgbà tó gbó dáadáa ni, ẹkún tá a sun ò ju ti ẹnu lọ. Kò síjà lórí pósí, kò síjà lórí màlúù. Ìwé ètò ìsìnkú ló dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá ojú ewé tí wọ́n ń to orúkọ àwọn ọmọ sí. Ẹni tó bá ti sin àgbà rí nílẹ̀ wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá fẹ́. Àkọ́bí ìyàwó àkọ́kọ́, tá à ń pè ní Dádì Ìlàrè torí Ìlàrè ni wọ́n kọ́lé sí, ní orúkọ àwọn ló máa ṣíwájú, torí ìyá àwọn ló kọ́kọ́ wọlé. Àkọ́bí ìyàwó kejì, Mọ́mì Modákẹ́kẹ́, ní ẹni tó kọ́kọ́ wọlé kọ́ ló kọ́kọ́ bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣèpàdé lórí ojú ewé kan ṣoṣo. Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n gbà kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà, kí àwọn tó kù tẹ̀lé e, kálukú sì yááfì nǹkan díẹ̀. Dádì Ìlàrè ní kí wọ́n sun gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ ṣáájú, kí ìjà má bàa tún rúwé. Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ wá kù sí ni láptọ́ọ̀pù Àǹtí Fúnmi.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Fúnmi, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé. Wọ́n ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní fásitì, ọ̀gá wọn tó re òkè òkun ló sì fi láptọ́ọ̀pù yẹn ta wọ́n lọ́rẹ. Kọ̀ǹpútà olórí méjì ni. Wọ́n ti dá háàdì inú ẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, sí méjì, bí ìgbà tí èèyàn fi pákó gé pálọ̀ sí yàrá méjì. Windows, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lo kọ̀ǹpútà, ń gbé lápá kan, Linux, ètò mìíì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ń gbé lápá kejì. Tó o bá tàn án, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé èwo lo fẹ́ wọ̀. Èmi tó jẹ́ Windows nìkan ni mo mọ̀, mo ti dájọ́ fún Linux tipẹ́. Mo ní ayálégbé tí ò níṣẹ́ ni. Nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé láptọ́ọ̀pù ń sọ pé àyè ti fẹ́ kún, mo sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbà mí láyè, màá lé e jáde.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Àǹtí ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n kó ìwé ètò yẹn sínú fíláàṣì, kí n gbé e fún atẹ̀wé ní Láagere kó tó di aago méjìlá, torí ọjọ́ Ẹtì la máa sìnkú, atẹ̀wé sì ní òun nílò odindi ọjọ́ kan. Wọ́n wá ń ṣàlàyé ibi tí mo ti máa rí i.

"Tó o bá ti tàn án, má…"

"Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí."

"Mo ní má…"

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà ṣáà ni. Ẹ máa lọ, ọkọ̀ á fi yín sílẹ̀."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo aago, wọ́n lọ.

Mo wọ Windows. Mo rí àpò kan tó kún fún ìwé, mo da gbogbo ẹ̀ sí fíláàṣì. Mi ò ṣí i wò. Ẹnjiníà kì í tú ẹrù wò. Ó yẹ kí n jáde nígbà yẹn, aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. Àmọ́ mo wò ó pé àyè wà, mo ní kí n ṣe Àǹtí lóore kí wọ́n tó dé. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń pín háàdì. Mo rí yàrá Windows, ó lórúkọ. Mo rí yàrá ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò lórúkọ. Mo ní ìwọ ni mò ń wá. Kọ̀ǹpútà ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ máa lọ o, ṣé mo gbà? Mo ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo wó ògiri àárín, mo fi gbogbo ilẹ̀ fún Windows, mo sì pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo pa á, mo tún un tàn. Ojú dúdú ló fi kí mi, pẹ̀lú ìlà òyìnbó kan tó ní òun ò rí yàrá tóun ń wá, kí wọ́n wá gba òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé yẹn, inú yàrá Linux ni wọ́n kọ́ ọ mọ́. Mo ti wó yàrá tòun ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ èyí, mo tẹ tọ̀hún. Mo yọ bátìrì, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ojú dúdú náà ò yí padà.

Mo gbé e sábẹ́ apá, ó di ṣọ́ọ̀bù Sèlíù. Sèlíù ní fíláàṣì kan tí wọ́n fi ń gbé Windows tuntun sórí kọ̀ǹpútà. Ó bi mí pé ṣé mo ti kó nǹkan inú ẹ̀ síta. Mo fi fíláàṣì tèmi hàn án bí ẹni ń fi káàdì ìdánimọ̀ han ọlọ́pàá. Ó ní ṣé mo ṣí i wò. Mo ní ṣé òun ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni. Ó mirí, ó padà sídìí fóònù ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tẹ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bi mí pé inú yàrá wo ni kí òun gbé Windows tuntun sí, mo ní kí ni gbogbo yàrá yìí tiẹ̀ wà fún? Mo pa gbogbo wọn rẹ́, mo sọ háàdì di gbàgede kan ṣoṣo. Ó mọ́ bí àwo tí ajá lá. Kó tó di aago mọ́kànlá, Windows tuntun ti ń tàn yanran, mo sì ti ń sọ fún Sèlíù pé ó yẹ kí orúkọ mi wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Mo wá ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ìwé tí mo kọ́kọ́ ṣí jẹ́ èyí tí ọ̀gá Àǹtí fi tọrọ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ìkejì, àwòrán ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ wọn. Ìkẹta, ọ̀gá àti ọkọ̀, ọkọ̀ ti mọ́. Mo ṣí gbogbo ẹ̀ pátá. Mo rí ewúrẹ́ kan. Mi ò rí Bàbá àgbà.

Mo pe Àǹtí. Mo fi ohùn ẹni tí nǹkan kan ò ṣe bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ láàárọ̀ tí mo gé e mọ́ wọn lẹ́nu.

"Mo fẹ́ sọ pé má wọ Windows. Fíláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kó kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ bò ó, mi kì í gbé iṣẹ́ síbẹ̀ mọ́. Linux ni ọ̀gá fi kọ́ mi, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n ní ṣé mo ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Mo ní mo ti wà ní Láagere. Òótọ́ kúkú ni, Láagere ni mo wà.

Sèlíù ní bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè rí díẹ̀ fà yọ, àmọ́ mo ti kọ́lé tuntun lé e lórí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju nǹkan tí mo bà jẹ́ lọ.

Mo wá ronú. Mo ní orúkọ ni, kì í ṣe idán, kí n lọ gbà á lẹ́nu àwọn tó ni ín. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Dádì Ìlàrè, mo parọ́ pé atẹ̀wé ní ká tún orúkọ kà sí òun létí kí àṣìṣe má bàa wà. Dádì wúkọ́, wọ́n kà á. Orúkọ wọn ló ṣíwájú, àwọn nìkan lórí ìlà wọn. Mo ní mo rò pé àwọn àti Mọ́mì ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Wọ́n ní ti ọjọ́ Sọ́ńdè nìyẹn, kí n kọ èyí tí àwọn ń sọ. Ó di Modákẹ́kẹ́. Mọ́mì fi ara wọn ṣíwájú, wọ́n to àwọn ọmọ ìyá wọn tẹ̀lé e, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí Dádì Ìlàrè ní ipò kẹfà, wọ́n sì gbàgbé mẹ́ta pátápátá lára ọmọ ìyàwó kẹta. Mò ń bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni fóònù wọn dún. Dádì Ìlàrè ni. Wọ́n pè láti fi tó Mọ́mì létí pé atẹ̀wé ti gbà pé ọ̀tọ̀ ni ìlà tàwọn.

Kó tó di aago méjì, gbogbo ẹbí ti pé sílé Bàbá àgbà. Kódà àwọn tí kì í wá sípàdé wá. Àǹtí Fúnmi tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Dádì Ìlàrè ní bí wọn ò bá to orúkọ bó ṣe yẹ, kí wọ́n má retí àwọn níbi ìsìnkú. Mọ́mì ní ìyẹn á jẹ́ kí àga kárí. Òkú Bàbá wà ní mọ́ṣúárì, ọ̀tunla ni ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ méjì tó dàgbà jù ò fẹ́ jọ dúró ti pósí kan, èmi ni mo sì fà á. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní atẹ̀wé kankan ò bi wá ní nǹkan, èmi ni mo pa gbogbo orúkọ rẹ́. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ní ṣebí ẹnjiníà ni. Àǹtí Fúnmi kàn rọra jókòó. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Ibẹ̀ la wà tí ohùn kan fi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá. Àbúrò Bàbá àgbà ni. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń pè wọ́n, torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí látàárọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìpàdé yẹn, a rò pé wọ́n ń sùn ni, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Èdè Ifẹ̀ tó jinlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni mò ń fi èdè tó yé gbogbo wa tún un sọ.

"Kí lẹ̀ ń bi ẹ̀rọ sí? Ṣé ẹ̀rọ ló wẹ̀ yín ni?"

Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílé yẹn, kò sí ìkankan tí kì í ṣe ọwọ́ àwọn ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọn ò ka ọdún, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọjọ́ tí òjò wó ògiri ilé ìdáná ni wọ́n bí Mọ́mì. Ìgbà tí wọ́n mọ ògiri yẹn padà, tí wọ́n ń fi amọ̀ pa á, ni wọ́n tó bí Dádì. Dádì Ìlàrè fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá wò wọ́n.

"Adé, ìwọ tó o ṣu sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ẹ. Ìwọ lo fẹ́ pìtàn fún mi?"

Dádì tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì tipẹ́, tí orí wọn funfun báláú, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Mọ́mì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Dádì náà gbìyànjú kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ni Àǹtí Fúnmi bá gbé láptọ́ọ̀pù lé mi lórí itan, wọ́n ní, "Máa tẹ̀ ẹ́. Bí Ìyá ò bá tíì sọ̀rọ̀ tán, o ò gbọdọ̀ lanu."

Ìyá ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe bí wọn tẹ̀léra, mò ń tẹ̀. Kálukú ń wá yọjú wo orúkọ tiẹ̀, ẹlòmíì yọjú nígbà mẹ́ta. Mo kó o sí fíláàṣì méjì, mo ṣí méjèèjì wò, mo tún ṣí wọn wò. Atẹ̀wé bú wa títí, ó sì gbà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mọ́mì àti Dádì jọ dúró ti pósí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì tiẹ̀ di Mọ́mì lọ́wọ́ mú. Ara tù mí. Mo wá ṣí ìwé ètò síbi orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, kí n fi orúkọ mi dá ara mi lọ́lá díẹ̀. Mi ò rí i. Mo kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo wo àárín àwọn ọmọ ọwọ́, bóyá wọ́n ti dá mi padà sínú ọ̀já. Kò sí. Mo fi han Àǹtí Fúnmi. Wọ́n fi ìka tọ ojú ewé náà wálẹ̀, wọ́n bi mí pé ta ló tẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni. Gbogbo èèyàn ló wá yọjú wo orúkọ tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni mi ò yọjú wo tèmi. Àǹtí fi ìwé ètò bo ẹnu, èjìká wọn ń mì, àwọn tó wà lẹ́yìn wa sì rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun.

Látìgbà yẹn, bí àgbà bá ń ṣàlàyé nǹkan fún mi, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí wọ́n á fi gbẹ́nu dúró. Mò ń wo fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kódà ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń kí àwọn òbí ẹ̀. Ìwé ètò yẹn ṣì wà lórí tábìlì ní pálọ̀ Àǹtí. Àlejò tó bá ṣí i, á ka gbogbo ẹbí tán, á wá yíjú sí mi pé èmi ńkọ́, ọmọ ta ni mí nínú ilé yìí? Màá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí eyín ń dùn, màá ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.