Iṣẹ́ tí Adébánjí ń Ṣe ní Amẹ́ríkà

Pálọ̀ Àsúmáù, nítòsí Peckham Rye ní ìlú ọba, ni Adébánjí jókòó sí pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Amẹ́ríkà ló ti wá. Tẹniọlá ló fẹ́ fẹ́, Àsúmáù sì ni àǹtí tó tọ́ Tẹniọlá dàgbà. Bí òun kò bá gbà, kò sí yìgì. Ó ti rán Tẹniọlá lọ ra mílíìkì kí ó lè ráyè wádìí ọkùnrin náà dáadáa.

"Iṣẹ́ wo lo ní o ń ṣe?"

"Tẹlifíṣàn ni, mà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá kan ní New York."

Àsúmáù wo ojú ẹ̀ títí. "Mi ò rí ẹ níbẹ̀ rí."

"Wọn kì í rí mi, mà. Ọ́fíìsì ni mo máa ń wà."

"Ṣé ìwọ lò ń gbé kámẹ́rà ni?"

"Rárá, mà."

"O ń kọ eré?"

"Àwọn kan ló ń kọ ọ́. Èmi á wò ó, màá wá sọ pé kí wọ́n máa ṣe é lọ, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀."

Àsúmáù gbé kọ́ọ̀pù tíì kalẹ̀. "Bàbá Sherifdeen, ọkọ mi, ogún ọdún ló fi ṣe irú iṣẹ́ yẹn lórí àga tí o jókòó sí yẹn, tòun ti rìmóòtù lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún un."

Adébánjí rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. "Mi ò ṣàdédé débẹ̀, mà. Tíì ni mo kọ́kọ́ ń gbé fún àwọn ọ̀gá. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa ka lẹ́tà àwọn òǹwòran. Ọdún kẹsàn-án ni wọ́n tó fi mí ṣe ọ̀gá eré alẹ́ Sọ́ńdè."

"Alẹ́ Sọ́ńdè kẹ̀? Eré Bethany, nọ́ọ̀sì yẹn, ńkọ́?"

"Àwa la ṣe é, mà." Inú ẹ̀ ti ń dùn. "Ẹ máa ń wò ó?"

"Bí mo bá ti dé láti shift, mi ò ní tíì bọ́ bàtà tí mo ti tàn án. Gilbert kúnlẹ̀, ó na òrùka sí i, Bethany la ẹnu láti dá a lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń se kéèkì hàn wá. Ta ló dá a dúró?"

Adébánjí wo ilẹ̀kùn. Tẹniọlá ò tíì dé.

"Àwọn tó ń wò ó ti dín kù, mà."

"Mi ò bi ẹ́ ní iye wọn. Ta ni?"

"Èmi ni, mà."

Àsúmáù rọra fa àwo bísíkíìtì kúrò níwájú ẹ̀. "O jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ la ẹnu sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó ṣe báyìí fún Bethany, kí ló máa wá ṣe fún Tẹniọlá?"

"Mummy, ẹ má bínú. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n ti kọ ọ́ tán kí n tó dá a dúró."

Àsúmáù sún àga mọ́ ọn. "Kí ló sọ?"

"Ó ní òun gbà. Wọ́n á ṣègbéyàwó, á sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀."

"Nítorí Gilbert? Gilbert tó ta ilé mọ́ ìyá ẹ̀ lórí?"

"Òun náà ni, mà."

"Ìwọ lo wá ní kí wọ́n má ṣe é mọ́."

"Èmi ni, mà."

Àsúmáù dá àwo padà, ó tún kó bísíkíìtì kún un. "O káre, ọmọ mi. Kó àwọn èèyàn ẹ wá ní Sátidé, ká mú ọjọ́ yìgì. Àmọ́ bí wọ́n bá bi ẹ́ ní mọ́sálásí, báńkì lo ti ń ṣiṣẹ́ o. Mọ́ńdè-Mọ́ńdè, Tọ́sidé-Tọ́sidé ni Ìyá Yaqub tá a jọ ń kírun níbẹ̀ ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè mú ẹni tó dá eré yẹn dúró."